Àjíǹde Àwọn Eré Kàtúùnù Àgbà: Ìdí Tí Òmíràn Fi Ń Yọrí, Tí Òmíràn sì Ń Forí Ṣánpọ́n

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí rédíò yìí dá lé ni ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbà mú àwọn eré kàtúùnù aláwàdà àtijọ́ padà sójú agbo lẹ́yìn tí wọ́n ti dáwọ́ wọn dúró fún ọdún pípẹ́, àti ìdí tí díẹ̀ nínú wọn fi ń rí ojúrere àwọn òǹwòran nígbà tí àwọn mìíràn kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń kógbá sílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ohun tí ó pa baba lẹ́rìn-ín ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn yóò pa ọmọ lẹ́rìn-ín lónìí, àti pé kí a ṣáà ti da orúkọ àtijọ́ padà, kí a tún yà á bí wọ́n ṣe ń yà á tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ìtàn àwọn eré wọ̀nyí kò gba èrò yẹn láyè. Ohun tí ó fi hàn ni pé ìwà àwọn ẹ̀dá inú eré ni ó ń gbé eré ró, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ tí ó ń ti ẹnu wọn jáde, àti pé eré tí ó bá jíǹde tí ó sì yọrí ni èyí tí àwọn tí ó ń ṣe é mọ ìwà náà dunjú, tí wọn kò sì fi ọdún tí ó ti kọjá pamọ́ fún un.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ là yé ara wa. Kàtúùnù ni eré tí a fi àwòrán yíyà ṣe, tí a to àwọn àwòrán náà tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń sáré kọjá lójú òǹwòran, yóò máa rí i bí ẹni pé àwọn ẹ̀dá inú wọn ń rìn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀dá-ìtàn ni orúkọ tí a ń pe ẹnikẹ́ni tí ó kópa nínú ìtàn, ìbáà ṣe ènìyàn, ẹranko tàbí ẹ̀rọ. Kàtúùnù àgbà ni èyí tí wọ́n kọ fún àwọn tí ó ti dàgbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, iṣẹ́, òṣèlú, ẹ̀sìn àti ikú ni ó máa ń dá lé. The Flintstones, tí ilé-iṣẹ́ ABC bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní ìrọ̀lẹ́ ní ọdún 1960, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé kàtúùnù lè wọlé sí àkókò tí àwọn òbí ń wo tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n The Simpsons, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Fox ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, ni ó ṣí ọ̀nà gbòòrò fún àwọn tí ó tẹ̀lé e: Beavis and Butt-Head ní 1993, King of the Hill àti South Park ní 1997, Family Guy àti Futurama ní 1999. The Simpsons àti South Park kò dáwọ́ dúró láti ìgbà náà, nítorí náà wọn kò sí lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Eré tí a pè ní èyí tí ó jíǹde ni èyí tí wọ́n ti sọ fún ayé pé ó ti parí, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti túká, tí wọ́n wá tún pè padà lẹ́yìn náà.

Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó ń jí eré dìde nítorí ìfẹ́ nìkan, nítorí ìṣirò owó ni ó máa ń ṣáájú, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀. Family Guy, iṣẹ́ Seth MacFarlane, ni àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere jù lọ. Fox bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré yìí hàn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣí i kiri láti ọjọ́ kan sí òmíràn, àwọn òǹwòran kò mọ ìgbà tí wọn yóò bá a, wọ́n sì dá a dúró ní ọdún 2002 lẹ́yìn sáà mẹ́ta. Sáà ni àkójọ àwọn ìpín eré tí wọ́n ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń fi hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2003, Adult Swim, ètò alaalẹ́ ti ìkànnì Cartoon Network, bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ìpín àtijọ́ fi hàn, wọ́n sì gbé eré náà jáde lórí àwo DVD. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní òru, àwo náà tà wìtìwìtì, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005, Fox fúnra rẹ̀ dá eré tí ó ti lé lọ padà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i; iye àwọn tí ó mọ Family Guy lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á tì ju ti ìgbà tí ó ṣì wà lórí àtẹ lọ.

Ohun méjì ni ó mú kí àjíǹde yẹn rọrùn. Èkíní ni pé ọdún mẹ́ta péré ni àlàfo náà, àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn olóhùn ṣì wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ayé tí eré náà ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ kò sì tíì yí padà. Èkejì ni pé kì í ṣe àwọn tí àárò àtijọ́ ń sọ ni wọ́n dá eré náà padà fún, àwọn òǹwòran tuntun tí ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ni. Bí ó ṣe padà dé, olórí ìdílé inú eré náà jókòó láàárín àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì ka orúkọ àwọn eré rẹpẹtẹ tí Fox ti gbé jáde tí ó sì ti pa tì láti ìgbà tí wọ́n ti lé wọn lọ. Ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú péré, eré náà ti jẹ́wọ́ pé òun kò sí nílé, ó ti gba ẹ̀san, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láìfi gbogbo ìpín náà ṣe ayẹyẹ ìpadàbọ̀.

Láti ìgbà yẹn, ìdí tí owó fi ń pe eré padà ti gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbé eré sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbára lé ìpolówó nìkan, owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọn, nítorí náà wọ́n nílò orúkọ tí ènìyàn ti mọ̀ kí ó tó sanwó, wọ́n sì nílò eré tí ìpín rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ kí oníbàárà má bàa tètè lọ. King of the Hill ní ìpín 259 kí wọ́n tó dá a dúró, ẹni tí ó bá sì wá wo ìpín tuntun mẹ́wàá yóò bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìpín àtijọ́ níbẹ̀. Nígbà tí Disney ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú dúkìá Fox ní ọdún 2019, ẹ̀tọ́ lórí Futurama àti King of the Hill bọ́ sí abẹ́ òrùlé kan náà, orí Hulu, tí ó wà lábẹ́ Disney, sì ni àwọn méjèèjì ti jíǹde. Beavis and Butt-Head tí ó ti jẹ́ ti MTV jíǹde lórí Paramount+, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan ni ó ni àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ohun-ìní yìí ni ó ń sọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn fún eré àtijọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí ènìyàn yóò fi rẹ́rìn-ín nígbà tí eré náà bá wọlé.

Ìdánwò gidi fún eré tí ó jíǹde ni ohun tí yóò ṣe sí ọdún tí ó ti kọjá. Nínú eré tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ń ṣe, bí òṣèré bá padà lẹ́yìn ogún ọdún, ewú orí rẹ̀ yóò fi dandan mú òǹkọ̀wé láti sọ ohun kan nípa àkókò, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀. Ẹ̀dá-ìtàn kàtúùnù kò ní ewú àfi bí a bá yà á sí i lórí, nítorí náà òǹkọ̀wé lè ṣe bí ẹni pé àná ni eré dúró. Òmìnira yìí dára lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà, nítorí pé bí ara ẹ̀dá-ìtàn kò bá tilẹ̀ gbó, ayé tí ó ń gbé inú rẹ̀ ti gbó, òǹwòran tí ó ń wò ó ti gbó, ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti yan ohun kan pàtó nípa àkókò ti yàn láti máa tún ohun tí a ti gbọ́ sọ.

King of the Hill ni àpẹẹrẹ àwọn tí ó yàn láti jẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn wọn dàgbà. Mike Judge àti Greg Daniels ni wọ́n dá eré yìí sílẹ̀, orí Fox ni ó sì wà láti 1997 títí di 2009, tí ìwọ̀nba ìpín tí ó ṣẹ́kù sì jáde ní 2010. Hank Hill ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, ọkùnrin tí ó ń ta gáàsì ìdáná ní Arlen, ìlú àròsọ kan ní ìpínlẹ̀ Texas. Hank gbà pé ohun gbogbo ní ọ̀nà tí ó tọ́ láti fi ṣe é. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, kì í purọ́ fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni ojú máa ń tì í láti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Bobby, ọmọ náà, kò fẹ́ràn eré ìdárayá tí baba ń fẹ́ kí ó ṣe. Àwàdà, oúnjẹ àti ohun tí ó bá ṣáà ti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ni ó fẹ́. Láàárín ìfẹ́ tí baba ní sí ọmọ àti àìmọ̀ tí kò jẹ́ kí ó lóye ọmọ náà ni gbogbo ẹ̀rín inú eré yìí ti ń sun wá, ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè rẹ́rìn-ín sí Hank láìfojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Nígbà tí sáà kẹrìnlá jáde ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ọdún 2025, lábẹ́ ìdarí Saladin Patterson pẹ̀lú àwọn méjèèjì tí ó dá eré náà sílẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé ti yanjú ọ̀rọ̀ àkókò kí òǹwòran tó béèrè. Wọ́n ní Hank àti Peggy ìyàwó rẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ Saudi Arabia, níbi tí Hank ti lọ ṣiṣẹ́ gáàsì, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá sí Arlen láti fẹ̀yìn tì. Ọgbọ́n inú ètò yìí jinlẹ̀, nítorí pé ó fi Hank sí ipò tí òǹwòran wà: àwọn méjèèjì ti kúrò ní Arlen fún ọdún púpọ̀, àwọn méjèèjì sì ń bá a ní yíyípadà lójú kan náà. Bobby ti di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó sì ti di alásè ní ilé oúnjẹ kan ní Dallas, níbi tí wọ́n ti ń pa oúnjẹ Japan àti ti Jámánì pọ̀. Ọmọ tí baba ń bẹ̀rù pé kò ní wúlò ti wá di ẹni tí ó ń jí ní kùtùkùtù, tí ó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ ẹ́ lógún gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ gáàsì ti jẹ baba rẹ̀ lógún. Ìwà baba ti wọ ara ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wàásù rẹ̀. Irú ìmọ̀lára yìí kò ṣeé rí nínú eré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọdún mẹ́tàlá tí òǹwòran ti fi mọ Bobby ní kékeré ni ó fún un ní ìwúwo. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ewu ńlá kan wà níwájú àwọn òǹkọ̀wé yìí tí wọ́n yà fún. Òṣèlú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2025 ti pín ìdílé àti àdúgbò sí méjì, yóò sì ti rọrùn láti sọ Hank di agbẹnusọ ẹgbẹ́ kan tàbí ẹni tí ẹgbẹ́ kejì ń fi ṣẹ̀sín. Wọn kò ṣe é, nítorí pé wọ́n rántí pé ètò àti ìwà ọmọlúàbí ni Hank ń dáàbò bò láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Nígbà tí ohun tuntun bá rú u lójú, ó máa ń kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, lẹ́yìn náà yóò béèrè bóyá ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, bí ìdáhùn bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, yóò fún un ní ọ̀wọ̀ rẹ̀. Ìwà kan náà tí ó wà nínú rẹ̀ ní 1997 ni èyí, ó kàn jẹ́ pé ohun tuntun ni ó ń bá pàdé. Bill, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ìdánìkanwà ti ń bá jà tipẹ́, ni wọ́n bá nínú ilé tí kò jáde mọ́ láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun ni àrùn náà, àmọ́ ọ̀nà tí ó gbà kan Bill bá ohun tí a ti mọ̀ nípa rẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀.

Beavis and Butt-Head gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀ pátápátá, ó sì yọrí. Mike Judge kan náà ni ó dá a sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì, tí ó jẹ́ ọ̀dẹ̀, ọ̀lẹ àti aláìmọ̀kan, tí wọ́n jókòó sórí àga tìmùtìmù tí wọ́n ń bú fídíò orin. MTV fi eré náà hàn láti 1993 sí 1997, ó tún dá a padà fún sáà kan ṣoṣo ní ọdún 2011, lẹ́yìn náà ni Paramount+ gbé fíìmù àti sáà tuntun rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Òye ìwà ni ó darí àwọn òǹkọ̀wé níhìn-ín náà: ohun tí ó dá Beavis àti Butt-Head yàtọ̀ ni pé wọn kì í kọ́ ohunkóhun láé, nítorí náà bí wọ́n bá dàgbà ní ọgbọ́n, eré ti parí. Dípò kí wọ́n sọ wọ́n di ọlọ́gbọ́n, fíìmù ọdún 2022 gbé wọn láti 1998 gba inú ihò ojú ọ̀run kan já sí ọdún 2022 láìjẹ́ pé wọ́n fi ọjọ́ kan dàgbà, ayé ìgbàlódé sì ń gbìyànjú láti lóye wọn, bí ẹni pé ìmọ̀ kan wà nínú ìwà òmùgọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ń wò náà yí padà. Níbi tí ó ti jẹ́ fídíò orin ní pàtàkì tẹ́lẹ̀, wọ́n fi àwọn ètò tí ń fi ìgbésí ayé àwọn ènìyàn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kún un ní 2011, wọ́n sì fi fídíò YouTube àti TikTok kún un ní 2022. Àwọn ọ̀dọ́ lónìí mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹni tí ó jókòó sójú kan tí ó ń bú ohun tí kò lè ṣe, bóyá wọ́n tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju àwọn ọ̀dọ́ 1993 lọ. Àwọn òǹkọ̀wé náà kò sì fi mọ síbẹ̀. Nínú àwọn ìpín kan, wọ́n ya Beavis àti Butt-Head gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà, kí òǹwòran lè rí ohun tí àìkọ́gbọ́n ń dà bí ọjọ́ bá lọ.

Futurama, iṣẹ́ Matt Groening àti David X. Cohen, fi ìṣòro mìíràn hàn, èyí tí í ṣe ìṣòro òpin. Ìtàn Fry ni, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dì bíi yìnyín ní òpin ọdún 1999 tí ó sì jí ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn náà. Fox fi í hàn láti 1999 sí 2003. Fíìmù mẹ́rin jáde lórí DVD láàárín 2007 àti 2009. Comedy Central gbà á láti 2010 sí 2013. Hulu sì mú un padà ní oṣù Keje ọdún 2023. Nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé kì í mọ̀ bóyá wọn yóò tún pè wọ́n, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n kọ ìpín ìdágbére, gbogbo rẹ̀ ni ó sì dá lé ìfẹ́ tí ó wà láàárín Fry àti Leela, obìnrin tí ó bá pàdé ní ayé tuntun náà. Ti ọdún 2013 dára púpọ̀: àwọn olólùfẹ́ méjèèjì dàgbà di arúgbó nínú ayé tí àkókò ti dúró, wọ́n sì gbà láti tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ gan-an ni àwọn ìpín ọdún 2023 ti bẹ̀rẹ̀, èyí sì jẹ́ ọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpín tuntun náà ni ó fi ohun tí ó wà nínú ìròyìn ṣe kókó, bí owó orí kọ̀ǹpútà, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjà títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti eré wíwò láìsinmi. Eré tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí àkókò yìí ní ẹ̀tọ́ láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ ìròyìn tètè ń ṣá, pàápàá nítorí pé yíya kàtúùnù máa ń gba oṣù púpọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó gbóná nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sì lè ti tutù kí ó tó jáde. Níbi tí àwọn òǹkọ̀wé bá ti padà sọ́dọ̀ Fry àti Leela, tí wọ́n béèrè bí ẹni méjì tí ó ti lo ìgbésí ayé kan pọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn, agbára eré náà a tún hàn.

Clone High ni àpẹẹrẹ eré tí òǹwòran fẹ́ràn tí àjíǹde rẹ̀ kò sì tọ́jọ́. Phil Lord, Christopher Miller àti Bill Lawrence ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìtàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́ ẹ̀dà àwọn ènìyàn ńlá inú ìtàn bí Abraham Lincoln, Joan of Arc àti Cleopatra, ìyẹn ni pé inú ara àwọn ẹni àtijọ́ náà ni wọ́n ti mú irúgbìn tí wọ́n fi dá wọn. Ìpín mẹ́tàlá ni ó jáde ní 2002 sí 2003, MTV sì pa á tì lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ Íńdíà ti fi ẹ̀hónú hàn nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà lo Gandhi, tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ní ọdún 2023, ìkànnì Max mú un padà, ó ṣe sáà méjì tí ó ní ìpín mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì parí ní 2024. Wọ́n fi ẹ̀dà Gandhi sílẹ̀ nínú yìnyín tí wọ́n ti dì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sí, wọ́n sì mú àwọn ẹ̀dà tuntun wọlé bí Frida Kahlo, Harriet Tubman àti Confucius. Àwọn òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé àkókò ti lọ, wọ́n tilẹ̀ fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ jí lẹ́yìn ogún ọdún wọ́n sì ń kọsẹ̀ lára àṣà tuntun. Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ ni pé eré ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí ìwà bí King of the Hill ṣe dúró. Ẹ̀gàn ni ó fi ń gàn irú eré kan tí ó gbilẹ̀ nígbà náà, àwọn eré ìfẹ́ àti ẹkún àwọn ọ̀dọ́langba bí Dawson's Creek, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ọ̀ràn ńlá. Nígbà tí eré ọdún 2023 dé, irú eré bẹ́ẹ̀ kò gba ojúde mọ́, ẹ̀gàn náà sì ti pàdánù ohun tí ó ń gàn. Eré tí ó bá gbára lé ohun tí ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tí ó jìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyẹn bá kú, kì í sì í rọrùn.

Àpẹẹrẹ ìkùnà tí ó le jù lọ ni ti Ren & Stimpy. Ajá kékeré abínú fùfù ni Ren, ológbò onínúure tí kò gbọ́n ni Stimpy, Nickelodeon, ìkànnì tí ó wà fún àwọn ọmọdé, sì ni ó fi wọ́n hàn láti ọdún 1991, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà fẹ́ràn wọn púpọ̀. Ìjà kò tán láàárín John Kricfalusi, tí ó dá eré náà sílẹ̀, àti ilé-iṣẹ́ yìí lórí ohun tí ó yẹ kí ọmọdé rí àti lórí iṣẹ́ tí kì í parí lásìkò, wọ́n sì gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1992. Ní ọdún 2003, Spike TV, ìkànnì tí ó wà fún àwọn ọkùnrin àgbà, pe Kricfalusi padà, ó sì fún un ní òmìnira tí kò rí gbà tẹ́lẹ̀. Ìpín mẹ́ta péré ni wọ́n fi hàn kí wọ́n tó mú un kúrò. Gbogbo ohun tí eré àtijọ́ ń fi ọgbọ́n tọ́ka sí ni ti tuntun sọ ní gbangba. Ohun ìríra àti ìbálòpọ̀ gba ipò tí ẹ̀tàn àti àrà ti wà, ìbáṣepọ̀ àjèjì tí ó wà láàárín ajá òǹrorò àti ológbò tí ó fẹ́ràn rẹ̀ sì sọnù sínú ariwo. Òfin Nickelodeon jẹ́ òkúta ìpọ́n fún ọ̀bẹ eré náà, ẹni tí ó sì ro pé òkúta ni ọ̀tá ọ̀bẹ ni ó gbé e sọnù. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kọjá ọ̀rọ̀ kàtúùnù, nítorí pé aláwàdà tí kò ní ààlà kankan láti yípo kì í sábà mọ ibi tí yóò gbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ohùn. Nínú kàtúùnù, ohùn nìkan ni ohun tí ó ti inú ara ènìyàn alààyè wá, nítorí náà àwọn òṣèré tí ó ń yá ẹ̀dá-ìtàn ní ohùn ni ó ń so àtijọ́ mọ́ tuntun jù lọ. Billy West, ẹni tí ó jẹ́ ohùn Stimpy, kọ̀ láti bá àwọn ti ọdún 2003 lọ, etí àwọn òǹwòran sì mọ̀ pé ẹnì kan kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde ìpadàbọ̀ Futurama ní 2022, John DiMaggio, ohùn Bender, ẹ̀dá-ìtàn ẹ̀rọ inú eré náà, kọ́kọ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, ariwo àwọn olólùfẹ́ eré náà sì pọ̀ títí ó fi padà. Ikú ni kò ṣeé bá dúnàá-dúrà. Brittany Murphy, ohùn Luanne nínú King of the Hill, kú ní 2009, Tom Petty, ohùn Lucky ọkọ Luanne, sì kú ní 2017. Àwọn òǹkọ̀wé kò gba ẹlòmíràn sípò wọn, wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá-ìtàn méjèèjì wà láìsí lójú eré. Johnny Hardwick, ohùn Dale ọ̀rẹ́ Hank, ti sọ ti rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìpín kan kí ó tó kú ní 2023, Toby Huss sì gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Huss kan náà ni ó ti jẹ́ ohùn Kahn, aládùúgbò Hank tí ó wá láti ilẹ̀ Laos, ṣùgbọ́n Ronny Chieng, ẹni tí a bí ní Malaysia, ni wọ́n fún ní ipò náà nínú eré tuntun. Nínú gbogbo èyí, a rí i pé wọ́n yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀: ibi tí àfarawé ohùn yóò ti jẹ́ àìbọ̀wọ̀ fún òkú, wọ́n dákẹ́, ibi tí ìtàn kò lè rìn láìsí ẹ̀dá-ìtàn náà, wọ́n wá ẹni tí ó mọ ìwà rẹ̀.

Bí a bá kó gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí jọ, a ó rí i pé kò sí òfin kan ṣoṣo nípa ọjọ́ orí, nítorí pé Bobby dàgbà ó sì dára, bẹ́ẹ̀ ni Beavis kò dàgbà ó sì dára. Ohun tí ó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé àwọn òǹkọ̀wé wọn bi ara wọn léèrè irú ẹni tí ẹ̀dá-ìtàn náà í ṣe kí wọ́n tó bi ara wọn léèrè ohun tí yóò sọ. Àárò àtijọ́ lè mú òǹwòran jókòó fún ìpín kìn-ín-ní, ó sì lè mú un rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ó bá gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ tí ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú un dé ìpín kẹta. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ eré kíkọ lè fi èyí dán ara rẹ̀ wò: kí ó mú ẹ̀dá-ìtàn àtijọ́ kan, kí ó gbé e sínú ìṣòro tí kò sí nígbà ayé rẹ̀, kí ó sì wò bóyá òun mọ ohun tí yóò ṣe láìjẹ́ pé ó tún gbólóhùn tí ó sọ ọ́ di olókìkí sọ. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, eré náà ṣì ní ìtàn nínú. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó fi eré náà sílẹ̀ sí ibi tí ọlá rẹ̀ dé, nítorí pé eré tí ó parí dáadáa kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, àwọn ẹ̀dá-ìtàn tuntun tí kò tíì ní orúkọ sì wà tí ó yẹ kí wọ́n fi owó àti àkókò yẹn dá.